Iná Ọ̀sán Lẹ́yìn Ọkọ̀ Òkú

Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́, kó má di pé mo tan ẹnikẹ́ni jẹ: iṣẹ́ òkú ni èmi àti ọkọ mi ń ṣe. Òun ló ń wa ọkọ̀ òkú. Èmi ni mo ń wẹ àwọn òkú obìnrin, tí mo ń di irun wọn, tí mo ń wọṣọ fún wọn. Tí mo bá ti sọ báyìí tán, àwọn kan á rọra fa ọwọ́ wọn kúrò lọ́wọ́ mi. Ẹ fà á. Ọjọ́ kan ń bọ̀ tí ẹ ò ní lè fà á mọ́, èmi náà ni màá sì bá yín di irun yín, a ò ní jà.

Jẹ́jẹ́ ni wọ́n ń pe ọkọ mi níbi iṣẹ́, orúkọ yẹn sì bá a mu ju èyí tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́ lọ. Òkú kì í kánjú, nítorí náà ẹni tó ń gbé òkú kò gbọdọ̀ kánjú. Ó dára bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ ti gbàgbé bí wọ́n ṣe ń tẹ ọkọ̀ pátápátá. Tó bá ń lọ ra búrẹ́dì, jẹ́jẹ́. Tó bá ń gbé àwọn ọmọ lọ sílé ìwé, jẹ́jẹ́, títí agogo á fi lù tán. Lọ́jọ́ tí mo ń rọbí àbíkẹ́yìn wa, mo wà lẹ́yìn ọkọ̀, mo ń ké, mo ní, "Bàbá wọn, ọmọ yìí ń bọ̀ o!" Ọkùnrin yìí ò tiẹ̀ mira. Ó ní, "Àwa náà ń lọ." Ẹnu ọ̀nà ilé ìwòsàn ni mo bí i sí, díẹ̀ ló kù kí nọ́ọ̀sì gbá ọkọ mi létí. Títí dòní olónìí, mi ò tíì dárí rẹ̀ jì í.

Ẹ lè rò pé iwájú ni awakọ̀ òkú ń wò. Irọ́ ni. Ẹ̀yìn ló ń wò. Ẹni tó wà nínú pósí ò lè sọnù mọ́, àwọn tó ń tẹ̀lé e ló lè sọnù. Wọ́n ti sunkún, wọn ò jẹun láti àná, ojú wọn ti wú, wọn ò mọ̀nà. Tí ọkọ̀ mìíràn bá já sáàárín wọn báyìí, wọ́n á kàn máa tẹ̀lé e lọ bí àgùntàn. Nítorí èyí ni wọ́n ṣe máa ń ní kí gbogbo ẹbí tan iná iwájú ọkọ̀ wọn, ì báà jẹ́ ọ̀sán gangan. Láyé ìgbà yẹn, ta ló ń tan iná ọkọ̀ lójú oòrùn? Ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀ nìkan ni. Àwọn awakọ̀ tó kù á rí i, wọ́n á yà fún wọn, àwọn mìíràn á tiẹ̀ ṣí fìlà.

Bí ọkọ mi ṣe ń ṣiṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn. Kì í wo irú ọkọ̀, kì í wo àwọ̀ rẹ̀, kì í béèrè nọ́ńbà fóònù ẹnikẹ́ni. Á kàn gbójú sókè wo dígí tó fi ń wo ẹ̀yìn. Iná tó bá rí, ẹbí ni. Ibi tí iná bá pin sí, ẹbí pin síbẹ̀. Tó bá dé oríta, á dúró títí iná tó kẹ́yìn á fi kọjá, lẹ́yìn náà á tún máa fà á lọ. Ó ń ṣe é bẹ́ẹ̀ kó tó fẹ́ mi, kò sì sọ ẹnì kan nù rí.

Ìgbà tó yá ni àwọn ọkọ̀ tuntun dé. Ẹ mọ̀ wọ́n. Tí wọ́n bá ti ṣíná ọkọ̀ báyìí, iná funfun méjì á tàn níwájú rẹ̀ fúnra rẹ̀, kò ní kú títí wọ́n á fi pa ọkọ̀. Ẹni tó ń lọ sí ọ́fíìsì, iná. Ẹni tó ń lọ sọ́dọ̀ àlè, iná. Gbogbo títì wá dà bíi pé gbogbo ayé ló lọ sìnkú. Wọ́n ní ó dára, wọ́n ní ẹni tó fẹ́ sọdá á lè tètè rí ọkọ̀ tó ń bọ̀. Mi ò bá wọn jiyàn. Àmọ́ gbogbo alángbá ló danú délẹ̀, a ò mọ èyí tínú ń run.

Mo sọ ọ́ fún un. Ẹnu mi kì í dákẹ́, òun náà mọ̀. Mo ní, "Bàbá wọn, iná ò ṣeé fi dá ẹbí mọ̀ mọ́ o. Ẹ máa gba nọ́ńbà fóònù àwọn ẹbí. Ẹ máa wo ọkọ̀ fúnra rẹ̀."

Ó ní, "Iná ọ̀fọ̀ yàtọ̀."

"Ó yàtọ̀ báwo?"

"Ó máa ń rọra bọ̀."

Mo ní, "Ẹni tó bá wà lẹ́yìn yín, kí ni ì bá ṣe ju kó rọra bọ̀?" Ó rẹ́rìn-ín, ó wọlé lọ wẹ ẹsẹ̀. Bó ṣe máa ń ṣe mí nìyẹn. Ẹ bá ògiri jà, ẹ ò ní rí irú rẹ̀.

Ojú rẹ̀ náà kò tún gbádùn. Iná funfun yẹn le, kò dà bí iná àtijọ́ tó máa ń pọ́n rẹ́súrẹ́sú. Kó máa wọ èèyàn lójú láti inú dígí látàárọ̀ dọ́sàn-án, kì í ṣe ohun kékeré. Tó bá dé lálẹ́, ojú rẹ̀ á ti pupa, á jókòó sórí àga nínú ilé ìdáná, á gbé orí sẹ́yìn, màá rẹ aṣọ sínú omi tútù, màá fi bò ó lójú. Èmi náà á jókòó tì í, orúnkún mi á máa ta mí, ọwọ́ mi á máa rùn bí ọṣẹ ibi iṣẹ́.  Á ti rẹ àwa méjèèjì. Lálaalẹ́ ló máa ń ní, "Ìyá wọn, ó ti tó. Mo fẹ́ fi í sílẹ̀." Láràárọ̀ ló máa ń dìde, á wọ kóòtù dúdú rẹ̀, á lọ. Nígbà tó yá, ó rọra tẹ dígí ọkọ̀ náà sísàlẹ̀ díẹ̀ kí iná má bàa máa gún un lójú mọ́. Láti ìgbà yẹn, ìtànṣán iná nìkan ló kù tó ń rí, kì í rí ara ọkọ̀ mọ́. Kò sọ fún mi. Ọjọ́ tí mò ń sọ yìí ni mo tó mọ̀.

Ìyá aránṣọ kan ló kú. Ó ń dá gbé inú yàrá kan ní òkè ilé àwọn ẹni ẹlẹ́ni, ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ wà lójú fèrèsé. Ọmọ kan ṣoṣo ló bí, ọkùnrin, ìlú tó jìn ló ń gbé, ó ń tún ẹ̀rọ amómitutù ṣe. Ó ti pẹ́ tó ti ń sọ pé òun ń bọ̀ wá wo ìyá òun. Iṣẹ́ ò jẹ́. Ìgbà tí wọ́n pè é pé ara ìyá ò yá, ó wọ ọkọ̀ rẹ̀ àtijọ́ kan, ó sì ń bọ̀. Kó tó dé, ìyá ti lọ.

Mo ń di irun ìyá náà lọ́wọ́ nígbà tí ọmọ yìí kan ilẹ̀kùn. Èèyàn gíga ni, ó ti ń hewú díẹ̀, gírísì ṣì wà léèékánná rẹ̀. Ó dúró sẹ́nu ọ̀nà, kò fẹ́ wọlé, kò fẹ́ padà.

Mo ní, "Wọlé, ọmọ mi. Ìyá rẹ ni, kì í ṣe ẹlòmíràn."

Ó wọlé. Ó wo ojú ìyá rẹ̀ títí, ó wá yíjú sí mi, ó ní, "Màmá, mi ò bá wọn láyé."

Mo ní, "Mo gbọ́."

"Lórí fóònù, gbogbo ìgbà ni wọ́n máa ń sọ ọ́. Wọ́n á ní, 'Ọmọ ò láyọ̀lé o, ẹni ọmọ sin ló bímọ.' Màá ní, 'Màmá, ẹ fi ọ̀rọ̀ ikú sílẹ̀ jàre.' Màá wá máa rẹ́rìn-ín." Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu imú. "Ohun kan ṣoṣo tó kù tí mo lè ṣe fún wọn nìyẹn, kí n fi ọwọ́ ara mi bu iyẹ̀pẹ̀ sí wọn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí wọ́n bò wọ́n kí n tó débẹ̀."

"Ìwọ nìyí lójú mi. Ibo lo tún ń lọ?"

"Mi ò mọ ìlú yìí, Màmá. Ìgbà tí wọ́n kó wá síbí, mo ti kúrò nílé. Ìdààmú sì bá mi."

Mo ní, "O máa wà níbẹ̀ kí wọ́n tó bò ó. Èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀." Ẹ wo ẹnu mi! Ta ló rán mi? Àmọ́ tẹ́ ẹ bá rí ojú ọmọ yẹn, ẹ̀yin náà á ṣèlérí.

Lọ́jọ́ ìsìnkú, a ṣe àdúrà nínú yàrá kékeré tó wà níbi iṣẹ́ wa. Ibẹ̀ la ti máa ń sọ fún gbogbo èèyàn pé kí wọ́n pa fóònù, kí fóònù má bàa máa kọrin lórí òkú. Ọmọ náà pa tirẹ̀. Kò sẹ́ni tó rán an létí kó tan án padà. A gbé pósí sínú ọkọ̀. Èmi jókòó níwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ mi, nítorí òkú obìnrin tí kò bá lọ́mọbìnrin, èmi ni mo máa ń sìn ín dé ilẹ̀. Ọmọ náà wà lẹ́yìn wa nínú ọkọ̀ rẹ̀ àtijọ́. Bọ́ọ̀sì àwọn aládùúgbò wà lẹ́yìn rẹ̀, ìyá onílé ìyá aránṣọ ló ṣáájú wọn. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Aránṣọ tó rán aṣọ fún àdúgbò odindi, ọkọ̀ méjì ló sìn ín.

Ọkọ mi lọ bá ọmọ náà lójú fèrèsé. "Tan iná rẹ, ọmọ mi. Má pa á títí a ó fi dé." Ọmọ náà tan án. Gíláàsì iná yẹn ti ṣú, ó ti pọ́n bí eyín amutábà, iná inú rẹ̀ ò sì ju ti àtùpà lọ. Tí oòrùn bá tàn sí i, ẹ lè má mọ̀ pé ó ń tàn. Mo rí i, mo fẹ́ sọ̀rọ̀. Ọkọ mi ti wọ ọkọ̀, ó ti ṣíná ọkọ̀, a ti gbéra.

A ń lọ, jẹ́jẹ́. Nígbà tí a dé ráńdábáòtù ńlá tó wà láàárín ìlú, ọkọ̀ akẹ́rù kan já wọ àárín wa. Èmi ò rí i, pósí tó wà lẹ́yìn ló dí mi lójú. Ọkọ mi dẹ ẹsẹ̀, ó gbójú sókè wo dígí, ó dúró díẹ̀, iná funfun yọ lẹ́yìn wa, òmíràn tẹ̀ lé e, òmíràn tún tẹ̀ lé e. Wọ́n ń rọra bọ̀. Ó ní, "Wọ́n ti pé." A tún fà á lọ.

Mo gbọ́ tí ẹnì kan ń fọn fèrè ọkọ̀ láti ọ̀nà jíjìn. Mo ní, "Ta nìyẹn?" Ó ní, "Aláìnísùúrù ni."

Ẹ̀yin náà mọ̀ pé kò sẹ́ni tó fẹ́ yọ òkú sílẹ̀ lójú títì. Àwọn kan ń bọ̀wọ̀ fún un, àwọn kan ń bẹ̀rù, wọ́n á kàn máa wọ́ tẹ̀ lé e. Bí àwọn oníná funfun yẹn ṣe wọ́ tẹ̀ lé wa nìyẹn, wọ́n ṣe sùúrù bí ọmọ òkú gan-an. Nígbà tí a wá dé ibi itẹ́ òkú, tí ọkọ mi yà wọ ẹnu ọ̀nà, wọn ò yà. Gbogbo wọn kọjá lọ fìììn, ìkan nínú wọn tiẹ̀ tẹ fèrè bí ẹni tí wọ́n dá sílẹ̀ lẹ́wọ̀n. Mo yọrí lójú fèrèsé, mo wo ẹ̀yìn. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀ àfi títì.

Ọkọ mi pa ọkọ̀. Ọwọ́ rẹ̀ wà lórí ìdarí, kò gbé e kúrò.

Mo ní, "Bàbá wọn, ẹbí dà?"

Ìgbà yẹn ni mo gbójú sókè, tí mo rí i pé dígí yẹn ti tẹ̀ sísàlẹ̀. Orí mi gbóná. Mo ní, "Ẹ̀yin lẹ ṣe dígí yìí báyìí?" Ó ní, "Ojú ń ta mí."  Mo ti fẹ́ bú u. Àánú rẹ̀ ṣe mí, inú sì ń bí mi, méjèèjì pa pọ̀.

Ó ṣe díẹ̀, bọ́ọ̀sì àwọn aládùúgbò dé, awakọ̀ wọn mọ̀nà. Ìyá onílé bọ́ sílẹ̀, gèlè rẹ̀ ti yẹ̀. Ó ní, "Ṣé ẹ ò gbọ́ fèrè wa ni? Ọmọ yẹn ti ṣìnà o! Ọkọ̀ akẹ́rù dí i lójú. Ìgbà tó máa fi kúrò níwájú rẹ̀, àwọn ọkọ̀ oníná kan ń lọ sápá ọ̀tún, wọ́n tò tẹ̀ lé ara wọn, ló bá tẹ̀ lé wọn. A ń fọn fèrè fọn fèrè, kò gbọ́!"

Ìyá onílé pe fóònù rẹ̀. Ó wà ní pípa.

Àwọn agbépósí ti ń dúró látàárọ̀, wọ́n tún ní òkú mìíràn láti gbé. Àlùfáà wo aago ọwọ́ rẹ̀, ó ní kò sí ohun tó burú, kí wọ́n gbé ìyá wọlẹ̀, ọmọ á wá bá ibojì. Ìyá onílé náà ní, "Kí la fẹ́ ṣe? Ilẹ̀ á ṣì wà níbẹ̀ nígbà tó bá dé." Ọ̀gá wa pe ọkọ mi lórí fóònù. Ọmọdé ni ọ̀gá yìí, bàbá rẹ̀ ló dá iṣẹ́ sílẹ̀ kó tó kú. Mo ń gbọ́ ohùn rẹ̀ láti ibi tí mo jókòó sí: kí ọkọ̀ padà kíákíá, òkú ọ̀sán ti wà nílẹ̀, ẹbí wọn ti dé.

Àwọn agbépósí wá sẹ́yìn ọkọ̀. Wọ́n na ọwọ́, kí ọkọ mi ṣí i.

Ọkọ mi ní, "Rárá."

Olórí wọn rò pé ó ń ṣàwàdà. "Bàbá Jẹ́jẹ́, ẹ ṣí i jàre."

"Ọmọ ẹ̀ ò tíì dé."

"Ṣé ìyá ló ní ká dúró ni àbí ẹ̀yin?"

Ọkọ mi padà wọ ọkọ̀, ó ṣíná, ó yí ọkọ̀ òkú padà láàárín itẹ́ òkú, ó dojú kọ ẹnu ọ̀nà. Gbogbo wọn la ẹnu sílẹ̀. Èmi pàápàá la ẹnu. Mo ní, "Bàbá wọn, ṣé òkú yìí la fẹ́ máa gbé kiri ìlú?"

Ó ní, "Ìwọ lo ṣèlérí. Èmi ni mo sọ ọmọ nù. Jókòó dáadáa."

Bí a ṣe padà sójú títì nìyẹn, èmi, òun, àti ìyá aránṣọ. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo rí i tó tẹ ọkọ̀. Kì í ṣe eré o, ẹ má ṣì mí gbọ́, àmọ́ fún òun, eré ni. Àwọn èèyàn tó wà létí títì ń wò wá, wọn ò rí òkú tó ń sáré padà láti itẹ́ òkú rí. Ìyá àgbàlagbà kan gbé ọwọ́ lé orí. Ká ní kì í ṣe ọjọ́ yẹn ni, ǹ bá ti rẹ́rìn-ín kú.

A yà sápá ọ̀tún ní ráńdábáòtù. Iná, iná, iná. Gbogbo ohun tó ń bọ̀ níwájú wa ló ń tàn wàà, ojú ọkọ mi sì ti ń ṣomi. Mo ní, "Ẹ jẹ́ ká padà. Ẹ ò ríran."

Ó ní, "Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Má wo èyí tó ń tàn. Èyí tí kò lè tàn ni kí o máa wò."

Èmi ló kọ́kọ́ rí i. Ìta ilé ìtajà àga àti bẹ́ẹ̀dì ńlá kan ni, ibi ìgbọ́kọ̀sí rẹ̀ fẹ̀ bíi pápá. Ọkọ̀ funfun, ọkọ̀ dúdú, wọ́n ń wọlé, wọ́n ń jáde, iná wọn mọ́ kedere. Ní ìkángun, lẹ́bàá ògiri, ọkọ̀ àtijọ́ kan wà níbẹ̀, iná rẹ̀ pọ́n rẹ́súrẹ́sú, ó kù díẹ̀ kó kú. Wọ́n sọ fún un pé kó má pa á, kò sì pa á.

Ó jókòó sínú ọkọ̀, ó gbé iwájú orí lé ìdarí. Àwọn tó ń tẹ̀ lé, àga ni wọ́n wá rà. Ó sọ fún mi lẹ́yìn náà pé òun bọ́ sílẹ̀, òun rí tọkọtaya tí wọ́n di ọmọ wọn lọ́wọ́ mú, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, òun sì bi wọ́n pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ibo ni wọ́n ti gbẹ́ ilẹ̀?" Wọ́n yára fa ọmọ wọn kúrò lọ́dọ̀ òun.

Mo kan gíláàsì. Ó gbójú sókè. Kò kí mi, kò béèrè ohunkóhun mìíràn. Ó ní, "Ẹ ti sin wọ́n?"

Mo ní, "Bọ́ sílẹ̀, kí o wo ẹ̀yìn mi."

Ó bọ́ sílẹ̀. Ó rí ọkọ̀ òkú, ó rí pósí nínú gíláàsì, òdòdó tí a fi sórí rẹ̀ ti ya sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan nítorí eré.

Mo ní, "Ìyá rẹ ló wá ọ wá."

Ọmọ yẹn sunkún. Ó fi ọwọ́ méjèèjì di orí ọkọ̀ òkú mú, ó sunkún bí ọmọ kékeré láàárín àwọn tó ń ru àga. Èmi náà sunkún. Ọjọ́ pẹ́ tí mo ti sunkún lẹ́nu iṣẹ́. Wọ́n ní òkú ń sunkún òkú, akáṣolérí ń sunkún ara wọn. Mi ò mọ ẹni tí mo ń sunkún fún nínú gbogbo wa.

Ọkọ mi dúró lọ́tọ̀. Nígbà tó yá, ó wá dọ̀bálẹ̀ fún ọmọ tó lè bí. Ó ní, "Ọmọ mi, èmi ni mo sọ ọ́ nù. Má bínú." Ọmọ náà gbé e dìde kíákíá. Èmi bá wọ ọkọ̀ ọmọ náà, kó má tún di pé a ń wá a. A padà.

Àwọn agbépósí ti lọ. Àlùfáà ti lọ. Ìyá onílé àti àwọn aládùúgbò rẹ̀ ṣì wà, wọ́n tẹ́ aṣọ sílẹ̀ wọ́n jókòó lé e, ẹni tó gbẹ́ ilẹ̀ náà wà níbẹ̀, ó ń mu tíì. Àwa la gbé e. Ọmọ rẹ̀ níwájú, ọkọ mi níwájú, agbẹ́lẹ̀ àti awakọ̀ bọ́ọ̀sì lẹ́yìn, èmi àti ìyá onílé ń fi ọwọ́ ti àárín. Kò wúwo. Ìyá tó fẹsẹ̀ wa ẹ̀rọ ìránṣọ títí ọjọ́ ogbó, kí ló kù lára rẹ̀? Nígbà tí a sọ ọ́ kalẹ̀ tán, ọmọ náà kúnlẹ̀, ó bu iyẹ̀pẹ̀ sí ìkúùkù. Kò tètè dà á. Ó ní, "Màmá, èmi nìyí." Lẹ́yìn náà ló dà á. Ẹni ọmọ sin ló bímọ. Ìyá yẹn bímọ, mo jẹ́rìí sí i.

Ìgbà tí a jáde, ọ̀gá wa ti wà lẹ́nu ọ̀nà. Ó ti fi ọkọ̀ àyálò gbé òkú ọ̀sán wá, ẹbí òkú yẹn sì ti bú u títí. Mo rò pé ó máa pariwo, mo ti ń pọ́n ẹnu mi sílẹ̀ dè é. Kò pariwo. Ó na ọwọ́ pé kí ọkọ mi kó kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ wá.

Ó ní, "Bàbá, ẹ ti ṣe é fún bàbá mi, ẹ ti ṣe é fún èmi náà. Ọkọ̀ tuntun ń bọ̀ lóṣù tó ń bọ̀, ẹlòmíràn á máa wà á. Ẹ lọ sinmi." Ó yíjú sí mi. "Màmá, ẹ̀yin ẹ máa bọ̀ lọ́la."

Ìsinmi tí ọkọ mi ti ń tọrọ lálaalẹ́ nìyẹn, wọ́n nà án sí i, ojú rẹ̀ sì rí bí ojú ẹni tí wọ́n gbá. Mo fẹ́ sọ̀rọ̀. Mo ní ọ̀rọ̀ tí yóò bi ọ̀gá yẹn ṣubú. Ọkọ mi wò mí, ó mi orí. Ó yọ kọ́kọ́rọ́ kúrò nínú àpò kóòtù, ó fi aṣọ nu ún kó tó fi lé e lọ́wọ́.  Èmi náà mọ̀ pé mo gbọ́dọ̀ wá lọ́la, nítorí ẹnì kan ṣì ní láti gbé owó wálé. Mo pa ẹnu mi dé, ó sì dùn mí.

Kò sí ọkọ̀ tí yóò gbé wa lọ sílé. Ọmọ ìyá aránṣọ ní ká wọ tòun. Ọkọ mi wọ ẹ̀yìn, ibi tí kò ti jókòó rí láyé rẹ̀. A ò tíì jáde sójú títì tí orí rẹ̀ fi ṣubú sí mi léjìká, ẹnu rẹ̀ ṣí díẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ tú sílẹ̀ lórí itan. Ó wúwo. Ojú rẹ̀ funfun bí ojú àwọn tí mo máa ń wọṣọ fún, àyà mi já. Mo fi ìka sábẹ́ imú rẹ̀. Mo dúró. Èémí fẹ́ sí mi lọ́wọ́, ó gbóná.

Níwájú, ọmọ náà ń wò wá nínú dígí, ó tún ń fà á lọ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, iná ọkọ̀ rẹ̀ ṣì ń tàn lójú oòrùn.

Mo ní, "Pa iná yẹn, ọmọ mi. Kò sẹ́ni tó kú níbí."